Ojú Ìwé Bàbá Oníkẹ̀kẹ́

Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin náà kọ́kọ́ rí i, ṣe ni ọmọbìnrin náà dijú. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan kọ́ sí àjà, kò sí táyà lára rẹ̀, irin lásán ni. Ọmọbìnrin náà ti fi ọwọ́ yí i, ó sì ń yí fìrìfìrì nínú oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń da òjìji wínníwínní sí i lójú, sí i lọ́rùn, sára ògiri. Ọmọbìnrin náà na ìka kan sún mọ́ irin náà, díẹ̀ ló kù kó kàn án, ó dẹtí. Gírísì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rí bí ìlà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fà tí kò sì fà dópin.

"Ẹ má tíì sọ̀rọ̀," ni ó wí, láìlajú.

Ọ̀dọ́kùnrin náà pa ẹnu dé lẹ́nu ọ̀nà. Ìyẹn gan-an jẹ́ kàyéfì, nítorí ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló gbà á síṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn tó ti níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ti bímọ, tí orí ẹlòmíràn nínú wọn ti funfun, máa ń lọ nírọ̀lẹ́ láti kọ́ ijó, tàbí ìránṣọ, tàbí bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń tẹ ìwé kan tó to gbogbo ẹ̀kọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á sì pín in dé gbogbo ilé tó wà nílùú. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, kí ó máa ta àyè inú ìwé náà fún ẹni tó bá fẹ́ polówó ọjà rẹ̀. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í pe orúkọ rẹ̀. Olójú-ìwé ni wọ́n ń pè é.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà dúró. Ọmọbìnrin náà lajú, ó fi irin kékeré kan fún ọ̀kan lára àwọn sípóòkù le díẹ̀, ó wá yíjú sí i.

"Ó ti tọ́ báyìí. Kí lẹ ń tà?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mo ń ta nǹkan?"

"Ẹni tó bá wá tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Báàgì ló ṣáájú yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àyè lòun ń tà. Ọmọbìnrin náà béèrè irú àyè wo. Ó ní àyè inú ìwé ni, odindi ojú ìwé, tàbí ìlàjì, tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin.

"Ṣé nǹkan kan ti wà nínú àyè náà?"

"Rárá o. Òfìfo ni."

"Òfìfo lẹ ń tà, ẹ sì ń rí ẹni rà á?"

"Ìyá Oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ra ìlàjì ojú ìwé láàárọ̀ yìí."

"Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń fi ihò sínú búrẹ́dì tà fún wa látọjọ́ tó ti pẹ́. Ó dáa bó ṣe rí ẹni ta tirẹ̀ fún òun náà."

Ohùn kan rẹ́rìn-ín láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ọmọbìnrin náà ni, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, ẹni tó ni ibẹ̀. Ọkùnrin tó ga ni, tí èjìká rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí títẹ orí ba nídìí iṣẹ́. Ó tẹ́tí sí gbogbo àlàyé Olójú-ìwé láìjá lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá fi pẹ̀lẹ́tù dá a lóhùn pé òun kò fẹ́ ìpolówó, pé kẹ̀kẹ́ tó bá bàjẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀ fúnra rẹ̀. Olójú-ìwé dúpẹ́, ó jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jáde o. Ọkàn rẹ̀ kò bá a jáde.

Láti yunifásítì ni ohun tó bá ta kókó ti máa ń dùn mọ́ ọ̀dọ́kùnrin yìí. Bí wọ́n bá gbé ọ̀rọ̀ àdììtú síwájú rẹ̀, oúnjẹ lè tutù kó má mọ̀. Ohun tó jẹ́ kó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn tó ṣe é ṣáájú rẹ̀ kàn ń ju ìpolówó síbi tí àyè bá ṣẹ́ kù sí. Òun gbà pé ojú ìwé méjì tó kọjú síra wọn dà bíi tọkọtaya, pé bí a bá so wọ́n pọ̀ dáadáa, wọn yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ kódà nígbà tí a bá pa ìwé dé. Oníbàtà ló fi kọjú sí ẹ̀kọ́ ijó. Oníṣègùn ojú ló fi kọjú sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń ta ibùsùn ló fi kọjú sí ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, ó ní bó bá rẹ̀ wọ́n tán, wọn yóò rántí ibi tí wọn yóò sùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì nìkan ló bá a jà, nítorí ó fẹ́ fi í kọjú sí ẹ̀kọ́ àwọn tó fẹ́ dín sísanra kù. Ìyá náà ní kó jọ̀ọ́, kó wá ọ̀tá mìíràn fún òun.

Kò pẹ́ tí Olójú-ìwé fi ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, bẹ́ẹ̀ ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti gun kẹ̀kẹ́. Ó kọ́kọ́ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà nítorí táyà tó jò. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣéènì ló ní kò dára. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di bíréèkì. Ọmọbìnrin náà lóṣòó ti bíréèkì yìí, ó wò ó títí.

"Olójú-ìwé."

"Mo ń gbọ́."

"Bíréèkì yìí kò tú fúnra rẹ̀. Sípánà ni wọ́n fi tú u, ẹni tó sì tú u kò mọ sípánà dì mú."

Ọ̀dọ́kùnrin tó lè ta òfìfo fún oníbúrẹ́dì kò rí gbólóhùn kan ṣoṣo tà.

"Bí ẹ bá tún fẹ́ rí mi," ni ọmọbìnrin náà wí, tó ń dì í padà, "ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nílé, kí ẹ fi ẹsẹ̀ yín wá. Kẹ̀kẹ́ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Bó ṣe fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á rìn lọ sí etí odò tó gba àárín ìlú kọjá, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á máa wo àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ọmọbìnrin náà sọ fún un pé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó wọ́ máa ń dún yàtọ̀, pé etí máa ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i, pé ìyá òun tó ti kú ló kọ́kọ́ sọ pé òun ní etí bàbá òun. Ọ̀dọ́kùnrin náà sọ fún un nípa àwọn ojú ìwé rẹ̀, ta ni kí ó fi kọjú sí ta ni. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn. Ẹyinjú mi ni ọ̀dọ́kùnrin náà ń pè é. Olófìfo mi ni òun ń pe ọ̀dọ́kùnrin náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin náà rí i pé ètè olólùfẹ́ òun ń mì láìsí ohùn.

"Kí lò ń kà?"

"Mi ò ka nǹkan kan. Mò ń to nǹkan sórí ni."

"Ṣé èmi náà wà lára ohun tí ò ń tò?"

Olójú-ìwé rẹ́rìn-ín, ó fà á mọ́ra. Ó rò pé àwàdà ni.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́ sí nǹkan. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìpolówó nìkan ni ọmọ ọlọ́mọ yìí ń bá kiri inú ṣọ́ọ̀bù òun, àmọ́ ó rí i pé ọmọ náà mọ̀wà hù, ó sì rí i pé ọmọ tòun ń kọrin nídìí iṣẹ́, èyí tó ti pẹ́ tí kò ti ṣe. Nígbà tí àkókò tó láti to ìwé tuntun, ó pe Olójú-ìwé jókòó, ó ní òun yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin ojú ìwé.

"Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ni kí o fi mí sí," ni ó wí, "lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tó ń júwe ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ yín. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi, láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń ṣí ìwé. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé mo ṣì wà."

Olójú-ìwé ní òun ti gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí etí gbọ́, orí tó kún fún ọgbọ́n lè tún un tò.

Nígbà tó jókòó ti tábìlì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tí ó tẹ́ gbogbo ojú ìwé kalẹ̀, ó rí ẹ̀kọ́ tuntun kan tí wọn kò ní tẹ́lẹ̀ rí: Bí A Ṣe Ń Tún Kẹ̀kẹ́ Ṣe. Ojú ìwé tó kọjú sí i sì ṣófo. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó rí ègé tó kù nínú àdììtú. Ó rò ó wò: ẹni tó bá ń kọ́ títún kẹ̀kẹ́ ṣe yóò nílò táyà, yóò nílò ṣéènì, apá tó pọ̀ nínú wọn ni yóò tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀ tí wọn kò ní lè tò ó padà. Ibo ni wọn yóò gbé e gbà? Kò sí àyè tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú odindi ìwé. Ó mú ìpolówó Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ọ̀nà, ó gbé e síbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bùn tí yóò yà wọ́n lẹ́nu.

Ibi tí ì bá dúró sí nìyẹn, kò dúró. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ náà, sọ pé àwọn ń wá ẹni tí yóò máa jókòó sídìí tábìlì ìforúkọsílẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán ni Olójú-ìwé ti dárúkọ ọmọbìnrin náà, ó sì fi nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù sí i. Ó ti to gbogbo rẹ̀ létòlétò sórí: olólùfẹ́ rẹ̀ yóò kúrò nínú gírísì, yóò bọ́ sínú yàrá tó mọ́, àwọn méjèèjì yóò jọ máa lọ síbi iṣẹ́, wọn yóò jọ máa bọ̀, Bàbá yóò gba ẹlòmíràn síṣẹ́, yóò sinmi, wọn yóò fẹ́ra wọn. Kò sí ègé kan tó ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pín ìwé náà, ó mú ẹ̀dà kan dání, ó ń fò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ bọ̀ ní òpópónà. Ó bá bàbá àti ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ìwé náà wà ní ṣíṣí lórí tábìlì láàárín àwọn sípánà.

Lápá òsì ni orúkọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ wà. Lápá ọ̀tún, níbi tí olùkọ́ ẹ̀kọ́ tuntun náà ti kọ ọ̀rọ̀ ìfàmọ́ra tirẹ̀, ó wà gàdàgbà pé: Kí ló dé tí ẹ fi ń gbé kẹ̀kẹ́ yín lọ fún oníkẹ̀kẹ́? Ẹ wá, ẹ máa tún un ṣe fúnra yín.

Olójú-ìwé ti ka ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ọjọ́ yẹn ló wá fi ojú bàbá náà kà á.

"Jókòó," ni Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ wí. Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yìn ìwé ni mo ní kí o fi mí sí, àbí irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo rò pé—"

"Fóònù dún láìpẹ́ yìí. Ọ̀gá rẹ ni. Ó ní ọmọ mi lóun fẹ́ bá sọ̀rọ̀, pé ṣé ó ti múra tán láti wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn." Ó fi ìka kan ìwé náà. "Ìwé yìí ní kí àwọn oníbàárà mi má wá mọ́. Fóònù ní kí ọmọ mi máa bọ̀. O gbé nǹkan méjèèjì wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Tí ìwọ bá jẹ́ èmi, kí ni wàá rò?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ṣàlàyé ojú ìwé, ó ṣàlàyé àwọn tí yóò tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀, ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni gbogbo rẹ̀ ń burú sí i, bí ẹni tó ń fi omi fọ òróró. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ dìde, ó rọra gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìgbà náà ni Olójú-ìwé kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ọwọ́ bàbá náà ń gbọ̀n.

Ó yíjú sí olólùfẹ́ rẹ̀. "Ẹyinjú mi, o mọ̀ pé mi ò ní nǹkan burúkú lọ́kàn."

"Mo mọ̀."

"Mo ro gbogbo rẹ̀ dáadáa."

"Mo mọ̀ pé o rò ó. O máa ń ronú. Ṣùgbọ́n orí tìrẹ nìkan lo fi ń ro ọ̀rọ̀ ẹni méjì." Omi lé sí i lójú, kò jẹ́ kó bọ́. "Ṣé mo sọ fún ọ rí pé iṣẹ́ yìí sú mi? Ṣé mo ní kí o yọ mí kúrò nínú gírísì? Ìwọ lo rí yàrá tó mọ́, ìwọ lo gbé mi síbẹ̀, ìwọ lo pa ìwé dé. Èmi kì í ṣe ojú ìwé, Olójú-ìwé."

Kò pè é ní Olófìfo mi. Ọ̀dọ́kùnrin náà jáde bí ẹni tí wọ́n fi omi tútù wẹ̀.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Kò sí ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì etí odò. Olójú-ìwé kò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń tún nǹkan ṣe ju pé kí a ronú sí i lọ, nítorí náà ó ronú sí i. Ó rò ó pé òun yóò tẹ ìwé pélébé kan tí yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ níwájú gbogbo ìlú. Ó tún rò ó pé òun yóò bẹ olùkọ́ náà kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ó kó àwọn èrò wọ̀nyí lọ bá Ìyá Oníbúrẹ́dì, nítorí pé ìyá náà mọ bàbá àti ọmọ dáadáa.

Ìyá Oníbúrẹ́dì tẹ́tí sí i títí, ó ń nu pẹpẹ rẹ̀. Ó béèrè pé àwọn èrò dáadáa wọ̀nyí, ta ló bá a rò wọ́n. Ó ní òun nìkan ni. Ìyá náà mi orí.

"Ọmọ mi, ọgbọ́n kò jẹ́ kí o rí ọ̀rọ̀. Wọn kò ní kí o tún wá to nǹkan fún àwọn."

Láti ibẹ̀ ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà. Ọ̀gá béèrè pé ṣé ọmọbìnrin náà ló yí ọkàn padà. Olójú-ìwé ní rárá, òun ni òun kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Obìnrin náà wò ó, ó sì fagi lé orúkọ náà. Bó ṣe wò ó yẹn dun ọ̀dọ́kùnrin náà ju èébú lọ.

Ó ti ní èsì sí gbogbo àdììtú tó bá pàdé rí. Èyí ni àkọ́kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdí tó fi ta kókó. Ó sì ń bà á lẹ́rù, nítorí ó ti mọ̀ nísinsìnyí pé bí ó bá pàdánù ọmọbìnrin náà, kì yóò jẹ́ nítorí pé kò fẹ́ràn rẹ̀ tó.

Nígbà tí àkókò ìwé tuntun tún pé, ó gbé báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ó lè fo ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníkẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ fò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́ kó tó wọlé.

Ó bá ọkùnrin aláròyé kan níbẹ̀ tó gbé àpò sẹ́mẹ́ńtì kan lé ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ló wà nínú àpò náà, odindi kẹ̀kẹ́, ní wẹ́wẹ́. Ọkùnrin náà ń ṣàlàyé pé ní kíláàsì, wọ́n kọ́ àwọn bí a ṣe ń tú u, òun sì mọ̀ ọ́n tú dáadáa, àìsàn ló mú òun lọ́sẹ̀ tí wọ́n kọ́ àwọn yòókù bí a ṣe ń tò ó. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ yọjú wo inú àpò náà. Ó fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò ṣeé ṣe fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

Nígbà tí ọkùnrin náà ti lọ, bàbá náà rí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín náà rọra kúrò lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lé e.

"Irú àpò bẹ́ẹ̀ ti wọlé síbí nígbà mélòó kan," ni ó wí. "Ohun tí o rò nípa ojú ìwé yẹn tọ̀nà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ̀ pé ó tọ̀nà."

"Kò tọ̀nà, Bàbá."

"Báwo?"

"Ẹ̀yìn ìwé lẹ ní kí n fi yín sí."

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. Ó ní òun kò lè di sípóòkù mọ́, ó ti tó ọdún kan. Ó ní ọmọ òun ló ń dì í, tó sì ń jẹ́ kí gbogbo ayé rò pé òun ni. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo rí ìwé, tí fóònù sì dún, mo ní, ó dáa náà, wọ́n ti ń palẹ̀ mi mọ́. Kò sì sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti ṣe tán."

Olójú-ìwé kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Kò fi àlàyé kankan sí i. Bàbá náà fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó dìde.

"Iṣẹ́ lo bá wá, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo wá béèrè bóyá ẹ fẹ́ àyè nínú ìwé tuntun, àti ibi tí ẹ fẹ́ kó wà."

"Rárá. Mi ò fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí."

"Ó dáa, Bàbá. Ẹ ṣeun."

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ń retí kó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kò bá a lọ. Ó di báàgì rẹ̀.

"O ò ní bá mi jiyàn?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé ohun tó gbé ọ wá tán nìyẹn?"

"Ó ku ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bi."

Bàbá náà fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá mi wà níbẹ̀," ni ó wí. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pe ọmọ rẹ̀ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn.

Ọmọbìnrin náà ń fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì nínú agolo. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó tún gbójú sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà jókòó sórí òkúta tó wà níwájú rẹ̀.

"Mo fẹ́ kí á fẹ́ra wa," ni ó wí. "Mi ò mọ ibi tí a óò máa gbé. Mi ò mọ bó ṣe máa rí fún Bàbá. Mi ò mọ oṣù wo. Mi ò tíì to nǹkan kan, mo sì bẹ̀rù gan-an láti wá bá ọ báyìí, torí mi ò mọ ohun tí o máa sọ."

Ọmọbìnrin náà gbé ṣéènì kúrò nínú agolo, ó jẹ́ kí kẹrosíìnì máa ro sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi ni."

"Kò sí ègé kankan lọ́wọ́ rẹ tí o ti tò?"

"Kò sí ọ̀kankan."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn òmíràn, kò kánjú. Ó ní òun kò ní fi ṣọ́ọ̀bù yìí sílẹ̀. Pé nígbà tí Bàbá kò bá lè ṣe é mọ́, òun ni yóò máa ṣe é, kì í ṣe nítorí àánú, nítorí pé òun fẹ́ ẹ ni. Ó ní ó wu òun kí orúkọ òun wà lára pátákó ìta, pé òun kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀dọ́kùnrin náà fẹ́ dáhùn pé pátákó náà yóò dára bí wọ́n bá kọ ọ́ báyìí báyìí. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ọmọbìnrin náà rí i bó ṣe gbé e mì, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Má gbé e mì. Ìyẹn kọ́ ni ohun tí mo fẹ́. Ronú bó ṣe wù ọ́, Olófìfo mi, ó wù mí bí o ṣe ń ronú. Ṣáà máa gbé e wá fún mi ní tútù. Má sè é tán kí o tó pè mí wá jẹun."

"Mo gbọ́."

"O gbọ́ lóòótọ́, àbí o ti tún un tò?"

"Mo gbọ́ ọ bí o ṣe wí i."

"Ó dáa. Bẹ́ẹ̀ ni. Màá fẹ́ ọ."

Ó na ọwọ́ sí i, ọwọ́ tí kẹrosíìnì kò tíì gbẹ lára rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà sì gbá a mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, ẹnì kan ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kejì: yàrá méjì tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù, tó kún fún táyà àtijọ́, bóyá kí wọ́n kó wọn kúrò, bóyá Bàbá yóò fẹ́ yàrá tó kọjú sí òpópónà, bóyá kò ní fẹ́.

Wọ́n wo ara wọn.

"Bàbá," ni ọmọbìnrin náà pè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò tíì parí, a fẹ́ bi yín."

Wọ́n gbọ́ tí àpótí dún lórí ilẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rọra rìn, ó wo ọwọ́ àwọn méjèèjì tó wà nínú ara wọn, ó wá àyè láàárín wọn, ó jókòó.

"Ẹ bi mí," ni ó wí.